Wọ́n Fi Kọ́kọ́rọ́ Lé Òkú Lọ́wọ́

A sin Theodora Candido ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, láti ilé bàbá rẹ̀ ní Pópó Àgùdà. Ikọ́ ló pa á. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí pé ìwé ìkéde tí Yunifásítì Ọ̀sà fi síta sọ pé "àìsàn ráńpẹ́" ló ṣe é. Kò sí ohun tó jẹ́ ráńpẹ́ nínú àìsàn náà. Inú yàrá kan tí kò ní fèrèsé ló ti bẹ̀rẹ̀, nísàlẹ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì yẹn, níbi tí obìnrin yìí ti ń tọ́jú àwọn àwo orin àtijọ́ tí àwọn agbo ilé Ìsàlẹ̀ Èkó kó wá, tó sì ń mí ohun funfun tó máa ń hù lára ìwé àti páálí tó bá ti bu sínú. Dókítà ní kó jáde kúrò níbẹ̀. Theodora ní òun ò lè fi àwọn àwo náà sílẹ̀. Ó wá bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n wá ẹ̀rọ tí ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ fún yàrá náà. Àwọn olóore kan gbọ́ nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n fi ẹ̀rọ ọ̀hún ránṣẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tó wà lónìí? Gbọ̀ngàn ìpàdé ìgbìmọ̀ ló wà. Àwọn ọ̀gá ń jókòó nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ lókè, àwọn akọrin tó ti kú ń làágùn nísàlẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú wọn sì ń wúkọ́ títí ó fi dákẹ́.

Wọn ò sì tijú láti wá síbi ìsìnkú. Wọ́n gbé òdòdó wá, ó fẹ̀ ju àyà pósí lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ìkàwé náà, dìde, ó wọ aṣọ oyè rẹ̀, ó ka ìwé tó kọ. Ó pe Theodora ní "olùṣọ́ ogún àwọn baba ńlá wa". Ó pè é ní "fìtílà tí kò ní kú". Èmi jókòó ti Àlàájà Àmúdàtù, ìyá arúgbó láti Ìsàlẹ̀ Gángan, tó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sínú ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyá náà gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n dé òpin. Ó wá tẹ̀ sí mi létí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, kò sì mọ bí ohùn òun ṣe ń lọ sókè tó.

"Ọmọ mi, ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, ṣé òun ló ni kọ́kọ́rọ́?"

"Àlàájà, ẹ jẹ́ ká dé ìta ná."

"Ìta wo? Ibi tí òkú bá wà gan-an ló yẹ ká ti bi alààyè léèrè ọ̀rọ̀."

Gbogbo orí tó wà níwájú wa ló yí padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí ká ìwé rẹ̀, ó jókòó.

Kí ìbéèrè yẹn lè yé yín, mo ní láti sọ irú iṣẹ́ tí Theodora ń ṣe. Ìtọ́jú ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi náà, mo sì ti wo ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé orin. Bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń to àwo: orúkọ ẹni tó kọrin, àkọlé orin, nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ fún un. Ètò tó dára ni fún ẹni tó bá mọ ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n kò sí ará Ìsàlẹ̀ Èkó kan tó ń béèrè orin lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbọ́ ibi tí wọ́n ti ki bàbá bàbá mi." Nítorí pé onísákárà àti oníwákà ayé ìgbà náà kì í kọrin kó má dárúkọ èèyàn. Wọ́n á dárúkọ ẹni tó pè wọ́n lálejò, wọ́n á dárúkọ ìyàwó rẹ̀, wọ́n á dárúkọ agbo ilé tó ti wá, wọ́n á sì pẹ̀gàn ọ̀tá rẹ̀ díẹ̀ kí orin tó tán. Ìdílé tí kò ní ìwé ìtàn kankan wà nínú àwo. Ta ló máa wá wọn jáde níbẹ̀?

Theodora ló wá wọn jáde. Ó to àwọn àwo náà bí ayé ṣe ń tò wọ́n, ó wá tún ṣe ètò kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, agbo ilé kan, káàdì kan. Káàdì ilé yìí ló máa sọ fún ọ pé wọ́n dárúkọ bàbá yín nínú àwo báyìí, ní apá kejì, lẹ́yìn tí gòjé bá ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè dá a ṣe. Etí ló nílò, etí àwọn tó mọ ẹni tí wọ́n ń kì. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Àlàmísì, ó máa ń kó àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó jọ sínú yàrá yẹn, á gbé giramafóònù sórí tábìlì, á ní kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Nígbà ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, á gbé fùrèjọ̀n, ẹ̀wà tó fi àgbọn sè, wá fún wọn. Nígbà ọdún ìtúnu àwẹ̀, àwọn náà á gbé sàárà wá fún un.

Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá Jíbrílù, tó ti ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù rí, fò dìde lórí àga.

"Orúkọ bàbá mi nìyẹn! Ẹ gbọ́ ọ, bàbá mi ni wọ́n ń kì!"

Àlàájà Àmúdàtù ò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Jíbrílù, gbogbo orúkọ tí wọ́n bá ti dá, bàbá tìẹ náà ni. Bàbá mélòó ló bí ẹ gan-an?"

"Àmúdàtù, ẹnu rẹ ti gùn ju ọ̀pá rẹ lọ."

"Ó gùn, àmọ́ bàbá kan ló bí mi."

Theodora kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́," ló wí. Wọ́n tún un gbọ́. Bàbá tó bí Jíbrílù kọ́ lóòótọ́, ará Òkè-Pópó kan ni. Jíbrílù fúnra rẹ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tó gbọ́ orúkọ ìyàwó ọkùnrin náà. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyẹn: àríyànjiyàn, ẹ̀fẹ̀, sùúrù, lẹ́yìn náà káàdì kan.

Ọjọ́ Àlàmísì kan wà tí kò sí ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ àwo wákà kan tí orúkọ ẹni tó léwájú nìkan wà lára rẹ̀. Orin fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí Àlàájà Àmúdàtù na ọwọ́ sókè. "Dá a dúró. Ìyá mi nìyẹn." Ọ̀kan nínú àwọn elégbè ni ìyá rẹ̀, Hàwáwù, ó sì ti kú láti ìgbà tí Àmúdàtù ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin. Kò mọ̀ pé ìyá òun wọ inú àwo rí. Báwo ló ṣe wá mọ̀ ọ́n? Ó ní ìyá òun kì í parí orin kó má rẹ́rìn-ín díẹ̀ sínú imú, bí ẹni tí nǹkan ń rìn ní ìgìgìrì, àti pé wọ́n máa ń bá a wí nítorí rẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì máa sunkún. Theodora kì í ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó mú àwọn àwo mìíràn láti ọwọ́ ẹgbẹ́ akọrin kan náà, ó fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sọ èyí tó jẹ́ èwo fún ìyá náà. Ibi tí ẹ̀rín yẹn kò bá sí, Àlàájà á mi orí. Ibi tó bá wà, á fi ọ̀pá kanlẹ̀. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà yẹn ni Theodora tó kọ orúkọ Hàwáwù ti Ìsàlẹ̀ Gángan sí ààrin àwọn akọrin àwo náà. Ilé-iṣẹ́ tó tẹ àwo náà kò rí orúkọ rẹ̀ bí ohun tó yẹ ní kíkọ. Theodora rí i. Láti ọjọ́ náà, bí Àlàájà Àmúdàtù bá ti wá, wọ́n á kọ́kọ́ fi àwo yẹn sí i. Á gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ìríra la dé báyìí.

Àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ wá wo yunifásítì bóyá ó tóótun. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa bí aláyẹ̀wò bá ń bọ̀: ẹ̀yìn ilé á máa jó, a ó sì máa kun iwájú rẹ̀ ní ọ̀dà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí pàṣẹ pé gbogbo ohun tó bá ní eruku gbọ́dọ̀ dán. Àwọn kẹ́ẹ̀gì sanitáísà tó ṣẹ́ kù láti ìgbà Kòrónà wà nílẹ̀. Wọ́n kó o fún àwọn obìnrin agbálẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n fi nu àwọn àwo orin.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwo orin ayé àwọn bàbá wa kì í ṣe rọ́bà bí àwọn tó dé lẹ́yìn wọn. Oje ni. Kòkòrò kéékèèké kan ló ń pọ oje náà sára ẹ̀ka igi ní ilẹ̀ Íńdíà. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á pò ó mọ́ ìyẹ̀fun òkúta, wọ́n á sì tẹ ohùn sí i lára nígbà tó bá ṣì gbóná. Tó bá tutù, ó le bíi tánganran, ó sì lè pẹ́ láyé ju ọmọ ọmọ ẹni tó kọrin lọ. Ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù ni sípíríìtì. Ẹ bi káfíńtà àtijọ́ èyíkéyìí. Oje kan náà yìí ló máa ń rà, á dà á sínú sípíríìtì kó lè di omi, á sì fi kun àga kó lè máa dán. Kí ló pọ̀ jù nínú sanitáísà? Sípíríìtì ni.

Àwọn obìnrin náà rẹ aṣọ ìnulẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n ń nu àwo. Ohun dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sára aṣọ. Inú wọn dùn. "Ẹ wo ìdọ̀tí! Ó ti pẹ́ tí wọn ò ti fọ nǹkan yìí o!" Bí dúdú yẹn bá ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó. Ìdọ̀tí tí wọ́n ń nù kúrò yẹn, ohùn ni. Àwọn ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí abẹ́rẹ́ máa ń tọ̀ ni, tí wọ́n ń yọ́ bí ọ̀rá. Orúkọ bàbá ẹnì kan ni, oríkì ìyá ẹnì kan ni, wọ́n fọ̀ ọ́ sínú korobá, wọ́n sì dà á sí gọ́tà.

Mi ò bá àwọn agbálẹ̀ jà. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, Nusrat, ló sọ fún mi bí Theodora ṣe bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Ó ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ikọ́ ò jẹ́ kó lè pariwo.

"Ẹ fi aṣọ yẹn sílẹ̀."

"Màmá, ó ti ń mọ́ o. Ẹ wò ó bó ṣe ń dán."

"Nusrat, ẹ̀ ń pa wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ ń pa wọ́n."

Ó rìn lọ síwájú pẹpẹ tí wọn ò tíì kàn, ó fẹ̀yìn tì í, ó la apá. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí. Theodora ṣàlàyé fún un, ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún yín yìí gan-an. Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ èsì ọ̀mọ̀wé?

"Màmá Candido, àwọn aláyẹ̀wò ò ní wá gbọ́ orin. Pẹpẹ ni wọ́n ń bọ̀ wá wò."

Ẹ tún un kà. Ọ̀gá àgbà ilé-ìkàwé ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń ta pẹpẹ lọ́jà.

Nítorí kí pẹpẹ lè dára ní wíwò, wọ́n kó àwọn àwo tí wọn ò tíì fọ̀ jáde, wọ́n kó wọn sínú kọ̀ntéénà kan lẹ́yìn ilé, wọ́n tì í pa. Àwọn tí wọ́n ti fọ̀ ló kù sórí pẹpẹ, nínú àpò ìwé funfun tuntun, wọ́n ń dán gbinrin. Wọ́n da ètò agbo ilé nù, wọ́n tún un tò ní á, bí, dí, ọwọ́ ẹni tó tò ó sì yá débi pé gbogbo akọrin tó ti lọ sí Mẹ́kà ló kó sábẹ́ "Àlàájì". Àwọn aláyẹ̀wò dé, wọ́n wo pẹpẹ, wọ́n yìn ín, wọ́n fún wọn ní máàkì tó ga. Bó ṣe wà dòní nìyẹn. Àwọn àwo tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ wà lórí pẹpẹ níbi tí àlejò ti ń rí wọn. Àwọn tó ṣì ní ohùn lẹ́nu wà lẹ́yìn ilé nínú irin, lábẹ́ oòrùn Èkó.

Oje tí mo sọ yẹn, bí sípíríìtì ṣe ń yọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń mú un rọ̀. Bí a bá to àwo jọ lórí ara wọn níbi tó gbóná, wọ́n á tẹ̀, wọ́n á ká bí ewé. Òjò sì ti ń ṣú. Theodora mọ̀. Nítorí náà ló ṣe ń lọ jókòó lẹ́nu ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n láti bẹ̀bẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n á ní kó padà wá, tó ń padà wá. Ó fi Àlàájà Àmúdàtù lọ́kàn balẹ̀ pé, "Wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ ìyá yín kí n tó dá wọn dúró. Wọ́n wà nínú kọ̀ntéénà. Mo máa gbà wọ́n jáde." Joanna, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó tọ́jú rẹ̀ dópin, sọ fún mi pé lórí ibùsùn, nígbà tí èémí ò tó mọ́, ohun tó ṣì ń béèrè ni, "Ṣé wọ́n ti ṣí i?"

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti Àlàájà gba ọ́fíìsì náà lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí gbà wá tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Màmá, ẹ má ṣèyọnu rárá. A ti kó gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ayé ti kúrò ní ti àwo."

Ojú Àlàájà mọ́lẹ̀. "Ìyá mi náà wà níbẹ̀?"

"Gbogbo wọn pátá."

Ó yí kọ̀ǹpútà sí wa. Mo wò ó. Àwòrán ni. Wọ́n ya fọ́tò àwo kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn, àwọ̀ rẹ̀ hàn dáadáa, ẹ sì lè ka ohun tí wọ́n kọ sí àárín rẹ̀. Kò sí ohùn kan ṣoṣo níbẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò orin.

Àlàájà tẹ etí sílẹ̀, ó ń retí. Mo ní láti sọ fún un. Ó kọjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ọmọ mi, mo ní àwòrán ìyá mi nílé. Mo gbé e kọ́ sára ògiri. Ṣé o rò pé torí àwòrán ni mo ṣe wọkọ̀ kọjá afárá? Fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Ó ní ẹ̀ka àtúnṣe ló ni ín. A lọ sí ẹ̀ka àtúnṣe, wọ́n ní àwọn sẹ̀kìúrítì ni. A dé ọ̀dọ̀ sẹ̀kìúrítì, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kàn wò wá. "Kọ́kọ́rọ́ kọ̀ntéénà? Ọwọ́ Màmá Candido ló wà. Ohun tí wọ́n sọ fún wa nìyẹn." Mo padà sọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí, mo ní kí ló fa irú ọ̀rọ̀ yìí. Ojú rẹ̀ kò yẹ̀. "Ó ṣeé ṣe," ló wí. "Màmá Candido ni wọ́n fẹ́ràn àwọn àwo yẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí wọn."

Obìnrin tó kú lẹ́nu bíbẹ̀bẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀! Wọ́n gbé òdòdó lé àyà rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, wọ́n ti gbé ẹ̀ṣẹ̀ wọn lé e. Kí ló kù tí wọn ò tíì ní kí òkú náà wá ṣe? Ṣé kó dìde wá gbálẹ̀ yàrá ni? Ṣé kó wá fọwọ́ sí i pé sanitáísà kò léwu?

Ẹ̀yin Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Yunifásítì Ọ̀sà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ kéde orúkọ ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n fi sípíríìtì fọ ohùn àwọn baba àti ìyá wa, kó sì wá ṣàlàyé níwájú àwọn agbo ilé tí wọ́n kó àwo wọn fún yín pé kí ẹ bá wọn tọ́jú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn, kí ẹ gbé ẹ̀rọ náà lọ sí yàrá tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ẹ kọ ọ́ sí gbangba pé Theodora Candido kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́ nígbà tó kú, kí ẹ sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Joanna àti gbogbo ará Pópó Àgùdà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ wàhálà kọ́kọ́rọ́ mọ́. Àgádágodo ni, kì í ṣe òkè. Ayùn irin á gé e.

Mo mọ ọjọ́ tó dára láti gé e. Àlàájà Àmúdàtù ti sọ fún mi pé òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀ yìí, ní àkókò tí wọ́n ti máa ń gbọ́ orin. Ó ní òun á mú àpótí ìjókòó òun dání, òun á sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ntéénà. Bàbá Jíbrílù ní òun ń bá a bọ̀. Èmi náà á gbé giramafóònù wá. Bí àwo yẹn bá ti ká, kí ìyá náà fi ojú ara rẹ̀ rí i. Bí ó bá ṣì dára, kó gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ̀.

Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bùsàrí wà níbẹ̀. Ìyá náà ti béèrè ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ rí, níwájú pósí, ọ̀gá náà sì jókòó láì dáhùn.